Dókítà Orí Fóònù àti Oúnjẹ Kítò: Ta Ni Kí Á Gba Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Gbọ́?

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ti wọ inú ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ní Ìpọ̀nrí àti àyíká rẹ̀. Gúrúùpù WhatsApp wo ni fídíò kítò kì í balẹ̀ sí mọ́, ìbáà jẹ́ ti ẹbí, ti ẹgbẹ́ Àsálátù, tàbí ti àwọn tó jọ ń gbé ẹ̀sìtéètì kan náà? Ọkùnrin kan á wọ aṣọ funfun, á fi ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọrùn, á ní kí á jáwọ́ nínú ẹ̀bà, àmàlà àti ìrẹsì. Ó ní ikùn á fà, ẹ̀jẹ̀ ríru á wálẹ̀, àtọ̀gbẹ á sì di ohun ìgbàgbé. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, fídíò mìíràn á dé. Obìnrin kan, òun náà ń jẹ́ dókítà, á ní kítò ń ba kíndìnrín jẹ́. Èwo ni kí ìyá tó ti ní ìtọ̀ ṣúgà láti ọdún mẹ́wàá tẹ̀lé nínú méjèèjì? Èwo ni kí bàbá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fetí sí?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ẹni tó kàn fẹ́ kí aṣọ bá òun mu nìkan. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tó wá yí oúnjẹ rẹ̀ padà lójijì nítorí fídíò, lè dákú lójú àwọn ọmọ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, kókó ohun tí a fẹ́ sọ nìyí: dókítà orí fóònù lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò lè tọ́jú wa. Ẹni tí yóò bá fọwọ́ kan oògùn wa gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ̀ wá, tí àwa náà sì mọ̀.

KÍ NI KÍTÒ GAN-AN?

Kítò kì í ṣe àwárí àwọn ará TikTok. Ní ọdún 1921, dókítà kan tó ń jẹ́ Russell Wilder, ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, ló fún ìlànà oúnjẹ yìí ní orúkọ. Wárápá ló fẹ́ fi wò. Àwọn dókítà ti kíyè sí i pé bí ẹni tó ní wárápá bá gbààwẹ̀, gìrì náà máa ń dínkù. Ṣùgbọ́n ta ló lè gbààwẹ̀ títí ayé? Wilder wá rò ó pé bí ènìyàn bá ń jẹ ọ̀rá púpọ̀, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ohun tó ń di ṣúgà, ara rẹ̀ yóò ṣe bí ara ẹni tó wà nínú ààwẹ̀. Títí di òní, wọ́n ṣì ń lò ó fún àwọn ọmọdé kan tí oògùn wárápá kò ràn. Ṣùgbọ́n abẹ́ àmójútó ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọn oúnjẹ ọmọ náà, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò látìgbàdégbà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ìrẹsì, gààrí, iṣu, búrẹ́dì, àgbàdo àti èso dídùn ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní carbohydrate, tó máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà yìí ni ara máa ń kọ́kọ́ lò fún agbára. Bí kò bá rí i tó, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rá di nǹkan mìíràn tí ara lè lò. Ketone ni orúkọ nǹkan náà, ibẹ̀ ni kítò sì ti gba orúkọ rẹ̀. Kí ara tó lè dé ibẹ̀, carbohydrate tí ènìyàn ń jẹ lóòjọ́ kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 20 sí 50 lọ. Ife ìrẹsì sísè kan ṣoṣo ní nǹkan bíi gíráàmù 45. Ìyẹn ni pé ife kan péré lè gba gbogbo ti ọjọ́ kan tán. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń jẹ kítò ní Èkó fi ń fi kábééjì tàbí ìkàn ṣe òkèlè dípò ẹ̀bà, tí wọ́n fi ń fi ẹ̀fọ́, ẹyin, ẹja, ẹran àti píà dí àyè ìrẹsì àti iṣu.

IBI TÓ TI Ń RANNI LỌ́WỌ́, IBI TÓ TI LÉWU

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ẹ̀tọ́. Àwọn tó ń yin kítò kò purọ́ tán. Ní ọdún 2005, William Yancy, Eric Westman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Durham, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde. Ènìyàn 28 tó sanra, tó sì ní àtọ̀gbẹ irú kejì, ni wọ́n fi sórí ìlànà oúnjẹ yìí fún ọ̀sẹ̀ 16. Àwọn 21 ló bá wọn dé òpin. Nínú àwọn 21 náà, àwọn 7 jáwọ́ nínú oògùn àtọ̀gbẹ, wọ́n dín oògùn àwọn 10 kù, ti àwọn 4 tó kù sì wà bó ṣe wà.

Àwọn tó ń polówó kítò fẹ́ràn láti máa ka ìròyìn àwọn 7 yẹn. Wọn kì í dárúkọ àwọn 4. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé wọn kì í sọ pé àwọn dókítà ló wà nídìí dídín oògùn náà kù, kì í ṣe aláìsàn ló dá a dín. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà fúnra wọn ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé oúnjẹ yìí lágbára láti fa ṣúgà wálẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ wà lábẹ́ àmójútó dókítà tímọ́tímọ́, tàbí kó jẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí ìwọ̀n oògùn ara rẹ̀ padà. Bí àwọn tó gbà pé kítò dára bá lè sọ bẹ́ẹ̀, kí ni kí á ti pe ẹni tó ń sọ pé kí á da oògùn nù láàárọ̀ ọ̀la?

Ẹ wo ibi tí ewu náà wà. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin, tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide àti glimepiride. Oògùn yìí ń fa ṣúgà wálẹ̀, oúnjẹ náà tún ń fà á wálẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé lára ènìyàn, ṣúgà lè já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òógùn á bò ó, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á dàrú, ó sì lè dákú.

Èkejì ni ẹni tó ń lo àwọn oògùn tí orúkọ wọn parí sí "gliflozin", bíi dapagliflozin àti empagliflozin. Ní ọdún 2015, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn oògùn yìí lè mú kí ketone pọ̀ lápọ̀jù, kí ẹ̀jẹ̀ sì di kíkan. Ẹni tó bá wá ń jẹ oúnjẹ tó ń pèsè ketone lé e lórí, iná ló ń bu epo sí. Ohun tó mú un burú ni pé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà nílé lè máà fi hàn pé nǹkan ti bàjẹ́. Èébì, inú rírun, mímí gúlegúle àti ọkàn tó dàrú ni àmì rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí á gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, kí a má dúró bi ẹnikẹ́ni lórí fóònù.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń mú kí á máa tọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kítò, omi àti iyọ̀ púpọ̀ máa ń jáde lára. Bí oògùn náà bá wà bó ṣe wà, ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, òòyì á sì máa kọ́ onítọ̀hún bó bá dìde látorí ìrúkúù. Bákan náà ni omi tó ń gbẹ lára kò dára fún ẹni tó ní sickle cell, nítorí ó lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà, American Diabetes Association, gbà pé dídín carbohydrate kù lè ran ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní irú oúnjẹ tó dín in kù gidigidi kò yẹ aboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá. Wọ́n sì ní kí ẹni tó ń lo àwọn oògùn "gliflozin" ṣọ́ra. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé àwọn dókítà méjì tó ń ta ko ara wọn lórí fóònù lè jọ ní òtítọ́ díẹ̀ lẹ́nu. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ta ni olúkúlùkù wọn ń bá sọ̀rọ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ HÁDÍÌSÌ FI KỌ́ WA

Àwa Mùsùlùmí kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí irú ìdàrúdàpọ̀ yìí ń gbé ṣubú. Súrà Al-Hujurāt, nínú áyà kẹfà, pa á láṣẹ pé kí á wádìí ìròyìn tí ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán bá mú wá, kí á má baà ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá láìmọ̀. Súrà An-Nahl, nínú áyà 43, ní kí á bi àwọn onímọ̀ léèrè ohun tí a kò mọ̀. Àwọn àgbà bíi Imām Bukhārī àti Imām Muslim wá fi ìwádìí yìí ṣe iṣẹ́ ayé wọn. Kò sí Hádíìsì tí wọ́n gbà nítorí pé ó dùn létí. Wọ́n á béèrè pé: ta ló sọ ọ́? Ọ̀dọ̀ ta ló ti gbọ́ ọ? Ǹjẹ́ ó bá ẹni náà pàdé? Ǹjẹ́ olódodo ni? Ǹjẹ́ ó ní ìmọ̀ àti ìrántí tó péye? Ẹ̀wọ̀n àwọn tó gba ọ̀rọ̀ náà wá yìí ni à ń pè ní isnād. Bí ojú ẹ̀wọ̀n kan bá já, wọn kò ní gbé ọ̀rọ̀ náà lé e.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Wọ́n gbà á wá láti ẹnu Imām Mālik pé òun bá ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdé ní Mọ́ṣáláṣí Ànábì ní Mẹ̀dínà, tí wọ́n ń sọ Hádíìsì, tó jẹ́ pé bí a bá fa kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra lé wọn lọ́wọ́, wọn kò ní jalè. Síbẹ̀, kò gba Hádíìsì lẹ́nu wọn, nítorí pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tiwọn. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun dára, ṣùgbọ́n kò lè dúró fún ìmọ̀ iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún wa, nítorí àwọn kan ti rí i pé bí àwọn bá dá irùngbọ̀n sí, tàbí tí àwọn wọ hìjáàbù, tí àwọn fi Bismillāh bẹ̀rẹ̀, tí àwọn sì pe ọjà wọn ní ìṣègùn Ànábì, àwa ará mọ́ṣáláṣí á ti gbà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ parí. Ẹni rere lè máà mọ ìṣègùn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ẹnu rẹ̀ kọ́ ni ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀.

Hádíìsì kan tún wà nínú ìwé Abū Dāwūd, tó fi yé wa pé ẹni tó bá ń wo aláìsàn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ni yóò ru ẹ̀bi ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè: bí fídíò bá ba ti ìyá yín jẹ́, ta ni ẹ ó mú?

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN TÍ Ẹ Ó BI DÓKÍTÀ ORÍ FÓÒNÙ

Àkọ́kọ́: Irú dókítà wo ni? Ọ̀rọ̀ náà "Dr" ní ìtumọ̀ púpọ̀. Ẹni tó gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìtàn ń jẹ́ Dr, àwọn mìíràn sì ń fi orúkọ náà sára wọn lásán. Eric Berg, tí ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ń tẹ̀lé lórí YouTube, tí ọ̀pọ̀ wa sì mọ̀ mọ́ kítò, chiropractor ni. Ìtọ́jú eegun ẹ̀yìn àti oríkèé ara ni iṣẹ́ tó kọ́, kì í ṣe dókítà tó ń kọ oògùn fún aláìsàn. Jason Fung ní tirẹ̀, tó kọ ìwé The Obesity Code ní ọdún 2016, dókítà kíndìnrín ni ní ìlú Toronto ní Kánádà. Eric Westman tí a dárúkọ lókè, dókítà oníṣègùn ni ní Yunifásítì Duke. A kò sọ èyí láti tàbùkù ẹnikẹ́ni, tàbí láti sọ pé gbogbo ohun tí ẹnìkan nínú wọn bá sọ ló tọ̀nà tàbí ló jẹ́ àṣìṣe. Ohun tí à ń sọ ni pé "Dr" mẹ́ta wọ̀nyí kì í ṣe bákan náà, ẹni tó ń wò wọ́n sì yẹ kó mọ ìyàtọ̀ wọn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì: Ibo ló ti forúkọ sílẹ̀? Ní Nàìjíríà, àjọ MDCN, ìyẹn Medical and Dental Council of Nigeria, ni òfin fún láṣẹ láti máa tọ́jú ìwé orúkọ àwọn dókítà. Ọdọọdún ni dókítà gbọ́dọ̀ tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Bí ẹnìkan bá ní dókítà Nàìjíríà ni òun, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ orí TikTok, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ MDCN. Bó bá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òun ti ń ṣiṣẹ́, ìwé orúkọ àjọ General Medical Council wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè wá orúkọ níbẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àmì búlúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Owó lásán ni wọ́n fi ń ra àmì yẹn lórí X, lórí Facebook àti lórí Instagram báyìí. Kò sọ ohunkóhun nípa ìwé ẹ̀rí dókítà.

Ìkẹta: Kí ló ń tà? Bí ọ̀rọ̀ bá ti parí sí "ẹ tẹ orúkọ ọjà yín ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yìí", ẹ ti kúrò nínú kíláàsì, ẹ ti dé ìsọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tajà ló ń purọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó ní ohun tó ń jẹ níbẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ tí MDCN gbé kalẹ̀ gan-an kò fẹ́ kí dókítà máa polówó ara rẹ̀ kiri. Bó bá jẹ́ oògùn tàbí àgbo oníke ni, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé lára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ tó ní nọ́ńbà náà, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò sàn wò. Nọ́ńbà náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń lé àtọ̀gbẹ lọ.

Ìkẹrin: Ǹjẹ́ ó sọ ẹni tí kò yẹ kó ṣe é? Èyí ni òṣùwọ̀n tó rọrùn jù, ẹni tí kò kàwé rárá lè lò ó. Onímọ̀ tòótọ́ á sọ pé: bí o bá lóyún, dúró, bí o bá ń gún insulin, lọ rí dókítà rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀, bí kíndìnrín rẹ kò bá dá, kì í ṣe tìrẹ. Ẹni tó bá ní gbogbo ènìyàn ló wà fún, àtọmọdé àtàgbà, pé kò ní ewu kankan, ẹ pa fídíò rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó bá ní àwọn dókítà ń fi òtítọ́ pamọ́ fún yín kí wọ́n lè máa ta oògùn. Ẹni tó fẹ́ kí ẹ sá fún gbogbo dókítà mìíràn, ó fẹ́ kí ẹ kù sọ́wọ́ òun nìkan ni.

Ìkarùn-ún: Ṣé òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀? Nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní AI lè gbé ojú àti ohùn ènìyàn, kó sì fi ọ̀rọ̀ tí onítọ̀hún kò sọ rí sí i lẹ́nu. Ní ọdún 2022, Oprah Winfrey, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ní láti jáde wá sọ fún gbogbo ayé pé òun kò lọ́wọ́ nínú súìtì ìdínsanra kankan tí wọ́n ń fi orúkọ òun tà. Bí ẹ bá rí gbajúmọ̀ dókítà tàbí akàròyìn tó ń polówó oògùn, ẹ lọ sí ojú ìwé rẹ̀ gan-an kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Bí ètè rẹ̀ kò bá bá ọ̀rọ̀ mu dáadáa, ẹ fura.

DÓKÍTÀ GIDI NÁÀ KÌ Í ṢE DÓKÍTÀ YÍN

Ká ní ẹnìkan wá yege nínú ìbéèrè márààrún, ǹjẹ́ a lè wá fi oògùn sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà.

Nígbà náà, Tim Noakes jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cape Town, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àwọn dókítà orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù kejì ọdún 2014, ìyá ọmọ kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí Twitter nípa oúnjẹ tó dín carbohydrate kù. Noakes dá a lóhùn pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní orílẹ̀-èdè náà fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àjọ HPCSA, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìlera níbẹ̀. Ó di ọdún 2017 kí ìgbìmọ̀ tó dá a láre. Wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó tún jàre ní ọdún 2018.

Ọ̀pọ̀ gbé ìròyìn yìí kiri pé ó fi hàn pé kítò dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìdájọ́ yẹn tó kan àwa jù: ìgbìmọ̀ náà ní wọn kò fi ẹ̀rí hàn pé Noakes àti ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀ náà jẹ́ dókítà àti aláìsàn rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Bí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ dókítà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó sì dá yín lóhùn, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di dókítà yín. Kò rí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín. Kò mọ oògùn tó wà nínú àpò yín. Bí nǹkan bá yíwọ́ ní òru, kò sí ilẹ̀kùn tí ẹ ó kàn.

TI HÀLÁÀLÌ ÀTI TI ÀÀWẸ̀

Ohun méjì tún wà tí ọ̀pọ̀ dókítà òkè òkun kò ní rántí sọ fún wa, nítorí kì í ṣe Mùsùlùmí ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ìwé oúnjẹ kítò tó ti Amẹ́ríkà wá kún fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀rá rẹ̀. Àwọn mìíràn tún gba wáìnì tí kò ní ṣúgà láàyè. Súìtì kítò tí wọ́n ń tà lè ní gelatin, èyí tí wọ́n lè fi awọ tàbí eegun ẹlẹ́dẹ̀ ṣe. Ẹ ka ara páálí kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá sọ ibi tí gelatin náà ti wá, ẹ fi sílẹ̀. Ẹja, ẹyin, ẹran hàláàlì àti ẹ̀fọ́ inú ọjà Ìpọ̀nrí ti tó láti jẹ.

Èkejì ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Àwọn kan máa ń so kítò pọ̀ mọ́ ààwẹ̀ kí ìsanra lè tètè lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ le, ó lè rí i ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gbààwẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kò tún jẹ carbohydrate ní sààrì, tó sì lo oògùn rẹ̀ bó ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ṣúgà rẹ̀ ń gbà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dàbínù ìṣínu pàápàá gba ìṣírò, nítorí dàbínù ńlá kan lè ní carbohydrate tó lé ní gíráàmù 15.

Àjọ àgbáyé lórí àtọ̀gbẹ, IDF, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ àti Ràmàdáánì, ti ṣe ìlànà kan fún wa. Wọ́n ní kí aláìsàn lọ rí dókítà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí Ràmàdáánì tó wọlé, ìyẹn láti inú oṣù Rajab. Wọ́n ní kí á ṣínu lójú ẹsẹ̀ bí ṣúgà bá wálẹ̀ ju 70 lọ lórí ẹ̀rọ, tàbí tó bá kọjá 300. Gígún ọmọ ìka láti wọn ṣúgà kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Kí aláìsàn sì rántí pé Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún un nínú Súrà Al-Baqarah. Ẹni tó bá lo ìyọ̀ǹda náà kò dẹ́ṣẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE NÍ ÌPỌ̀NRÍ

Ọ̀nà kò jìn. Ilé ìwòsàn ìjọba Randle wà ní Gbájà. Ilé ìwòsàn ńlá LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ẹ gba Western Avenue dé Ojúẹlẹ́gbà, ẹ ti ń súnmọ́ ọn. Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ fún ètò Ìlera Èkó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tí wọ́n pín yín sí. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn aládàáni ni ẹ fẹ́ lọ, ẹ béèrè bóyá HEFAMAA, àjọ tó ń mójú tó ilé ìwòsàn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn yín dání nínú ọ̀rá kan, àti àgbo náà. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. Ẹ sọ fún dókítà pé: "Mo fẹ́ dín oúnjẹ oníṣúgà àti òkèlè kù. Èwo nínú oògùn mi ló yẹ kí á yí padà?" Ẹ ní kí ó ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nítorí ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan máa ń gòkè lórí kítò. Ẹ béèrè fún dietitian, ìyẹn onímọ̀ oúnjẹ tó wà ní ilé ìwòsàn ńlá. Òun ló mọ bí òkèlè ṣe lè kéré láìjẹ́ pé ó tán. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò pọn dandan kó di kítò. Kí òkèlè dín sí ìdajì, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, kí á jáwọ́ nínú mínírà àti jùúsì inú páálí, kí á sì máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, ìyẹn náà ń fa ṣúgà wálẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wá orúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí Àlhájà tàbí Àlàájì bá fi fídíò hàn yín, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ má sì jágbe mọ́ wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ sọ pé: "Ẹ jẹ́ kí á jọ wo ẹni tí bàbá yìí jẹ́ ná." Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ má fi fídíò ránṣẹ́ sí gúrúùpù bí ẹ kò bá lè dárúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ àti iṣẹ́ tó kọ́. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ti di ojú kan nínú ẹ̀wọ̀n náà, yóò sì jíyìn.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní, kí Ó wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó má sì jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ewu. Āmīn.